Okùn Ló Mọ Igun Tó Wọ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìràwọ̀, ẹni tó ń lọ ata, kó gbọ́wọ́ kúrò lórí ọlọ. Èmi Ìyá Àyọ̀ká, akéde yín, ni Baálẹ̀ rán. Òun ló ni ọ̀rọ̀, èmi ni mo ni orin.

Súbérù bíríkìlà fẹ́ fẹ́ Àríkẹ́ ọmọ Baálẹ̀. Baálẹ̀ ní kó kọ́kọ́ kọ́ yàrá kan mọ́ ẹ̀yìn ilé òun, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba bí àpótí. Ó kọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n yàrá dagun. Bẹ́ẹ̀dì ò bá igun mu. Ìrọ̀rí Baálẹ̀ ń já sí àlàfo. Baálẹ̀ ní kò síyàwó mọ́.

Nítorí náà, òfin dé!

Èkíní. Gbogbo ohun tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin kọ́ ni àpótí. Bí ẹ̀gbẹ́ bá dọ́gba, tí igun dúró ṣánṣán, àpótí nìyẹn. Bí igun bá wọ́, àpótí tí ẹni sísanra jókòó lé ni. Ẹni tó bá pe ọ̀kan ní èkejì yóò gbálẹ̀ ọjà.

Èkejì. Méjì gùn, méjì kúrú, igun dúró ṣánṣán: ilẹ̀kùn ni. Bó bá dagun, ẹ má pè é ní ilẹ̀kùn mọ́. Ewúrẹ́ á gba àlàfo rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀kẹta. Ojú kì í wọn ilé. Ẹ ta okùn láti igun dé igun tó kọjú sí i, kẹ́ ẹ tún ta òmíràn dábùú rẹ̀.

*Okùn dábùú, okùn dábùú o,*
*bí méjèèjì bá ṣe déédéé, igun dúró;*
*bí ọ̀kan bá gùn ju ọ̀kan,*
*ilé tẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́.*

Ẹ̀kẹrin. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá dagun kò gbọdọ̀ kọ àna. Mo tún un wí: kò gbọdọ̀ kọ àna!

Òfin kẹrin yìí, àná ni Baálẹ̀ fi kún un, tìjútìjú. Àgbà ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè, ilé Baálẹ̀ la sì kọ́kọ́ fi okùn wọ̀n. Háà! Okùn kan fi ẹsẹ̀ mi kan gùn ju èkejì lọ. Ẹ kúkú mọ̀ pé níbí, yàrá tuntun kì í yapa sí ògiri baba ńlá. Súbérù bọ̀wọ̀ fún ògiri, ògiri ló dagun, yàrá sì tẹ̀lé e.

Ọjọ́ Ẹtì la ó gbé Àríkẹ́ fún ọkọ rẹ̀. Káfíńtà yóò kan bẹ́ẹ̀dì tó dagun fún Baálẹ̀. Ẹni tó bá fi í rẹ́rìn-ín, orí bẹ́ẹ̀dì náà ni yóò sùn.

Bí wọ́n ṣe fi í sí mi lẹ́nu ni mo ṣe tú u sílẹ̀. Ẹni tó wà lóko, kí ará ilé rẹ̀ kọ ọ́ lórin fún un.