Sólà Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá

Bí mo tiẹ̀ gbàgbé gbogbo ọjọ́ yòókù, ọjọ́ tí mo fẹ́ tẹ sólà bí ẹni ń tẹ ṣẹ́ẹ̀tì ní Artisan Market, ní Enugu, kò ní tán lọ́kàn mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí nígbà náà. Sólà tí mò ń ṣe kì í ṣe irú èyí tó wà lórí òrùlé yín. Íǹkì dúdú kan, pẹrofskáìtì lorúkọ rẹ̀, la máa ń tẹ̀ sára gíláàsì. Tó bá ti gbẹ, yóò máa sọ oòrùn di iná. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kò ṣeé ṣe láìsí ẹ̀rọ òyìnbó. Mo ní férémù aláwọ̀n táwọn tó ń tẹ ṣẹ́ẹ̀tì fi ń ti íǹkì gba inú àwọ̀n kọjá ti tó. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín.

"Bring am Friday," ni wọ́n wí. "If small fan no turn, you go drop the project."

Inú bí mi. Mo gba ọ̀dọ̀ Alhaji lọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tẹ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́jà náà. Àwa méjèèjì wọ ìbọ̀wọ́. Mo ṣàlàyé íǹkì fún wọn títí ẹnu fi ń ro mí, àmọ́ mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kí ìyá mi tó bí mi. Ọ̀mọ̀wé ni mí, àbí?

Gíláàsì àkọ́kọ́ jáde. "Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá" ló hàn gàdàgbà láàárín rẹ̀, torí orúkọ tí Alhaji tẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin kan lánàá ò tíì kúrò tán lára férémù. Mo ní kò séwu, iná ò mọ̀wé kà. A tẹ mẹ́sàn-án sí i. Nígbà tí a gbé wọn sórí sítóòfù kí wọ́n lè gbẹ, àkọ́kọ́ nìkan ló dúdú. Mẹ́sàn-án yòókù pupa rúsúrúsú bíi gààrí elépo.

"Alhaji, kí lẹ fi kàn án?"

"Kí ni mo fi kàn án? Tí mo bá ti tẹ ọ̀kan, mo máa ń fi fóòmù tútù nu férémù kó má baà dí. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Omi ló ń pa íǹkì yẹn, Alhaji."

"Ìgbà wo lo sọ fún mi?"

Mo ṣa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé ẹyọ kan tó kù lọ. Ọ̀gá mi ní kí n túmọ̀ ohun tó hàn lára rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀, gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí gan-an, àmọ́ mi ò kúrò. Mo fi wáyà so gíláàsì mọ́ fáànù kékeré, mo kọ ọ́ sí oòrùn. Fáànù gbọ̀n, ó rọra yí.

"Na breeze," lọ̀gá wí.

Mo da gíláàsì dojú bolẹ̀, fáànù dúró. Mo ṣí i, ó yí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rín wọn sì ń dín kù.

"Carry your women dey go," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Go print another one."

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi tí mi ò béèrè, gíláàsì mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́n. Ní báyìí, fóòmù Alhaji jìnnà sí férémù mi, ẹ̀rọ òyìnbó náà ò sì tíì dé. Ìgbà tó bá wù ú kó máa bọ̀. Ohun tó ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé títí dòní, àwọn ìyá tó ni orúkọ yẹn ò mọ̀ pé àwọn ló gbà mí lọ́wọ́ ọ̀gá mi.