Ọjọ́ Tí Kèrègbè Mú Àwọn Olùkọ́ Lọ́wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè? Mo mọ̀ pé kò sí. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Bí bàbá bá fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́, á pa á. Bí ọmọ bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ bàbá, òun náà á pa á padà. Àwọn kan tilẹ̀ ní òwe náà ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìgbà ìwáṣẹ̀ wo? Inú gbọ̀ngàn yunifásítì ni wọ́n ti bí òwe yìí, nínú oṣù kẹjọ, ó sì ṣojú àwọn tó mọ̀wé.

Ní yunifásítì Òkè-Ìrókò, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àwọn tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń wá gba ibẹ̀. Wọ́n á wá kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè gboyè. Sáńwíìṣì ni wọ́n ń pe kọ́ọ̀sì náà, torí pé àárín táàmù méjì ló wà, bí ẹran ṣe ń wà láàárín búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni àwọn olùkọ́ yunifásítì pẹ̀lú, àwọn náà fẹ́ sinmi. Bí oṣù kẹjọ bá ti dé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, wọ́n á pa fóònù. Ìdí nìyí tí Dókítà Ọláṣebìkan, alábòójútó sáńwíìṣì, fi máa ń wá àwọn olùkọ́ onígbà díẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọn yóò kọ́ni títí ìsinmi yóò fi parí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, gbogbo àyè ti kún àfi ẹyọ kan, àyè ẹni tí yóò kọ́ àwọn tíṣà nípa ohun èlò ìkọ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe tíṣà rí mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Tíṣà tó bá wọ kíláàsì lọ́wọ́ òfo, tí kò mú àwòrán, òkúta tàbí ìdérí ìgò dání, alábẹ̀wò á ní kò kọ́ nǹkan kan, ìbáà jẹ́ pé gbogbo kíláàsì ló yege.

Ènìyàn méjì ló fẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹnìkíní ni Bàbá Ògúngbilé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá ga, ó sì sígbọnlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan tó ọwọ́ méjì ẹlòmíràn, ọwọ́ yẹn náà ló sì fi na ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ́ ọ̀gá lágbègbè wa lónìí. Ẹnìkejì ni Mọrádékẹ́, ọmọge kúkúrú kan tó gboyè kejì nínú ìmọ̀ ìkọ́ni ní yunifásítì yẹn kan náà. Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó. Àmọ́ láti ìgbà tó ti gboyè, ilé ìyá rẹ̀ ló jókòó sí, tó ń bá a bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan sì ti ní kó máa bọ̀ nílùú òkèèrè, kó wá dúró ti ṣọ́ọ̀bù òun, kó máa ta páìpù omi. Bí kò bá rí iṣẹ́ yìí gbà, mọ́tò ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń gbé e lọ. Ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti dé ìdí páìpù kì í sábà padà sí ìdí pátákó ìkọ̀wé.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, Dókítà Ọláṣebìkan wò ó láti òkè délẹ̀. Ìwò náà kò pẹ́, torí Mọrádékẹ́ kò gùn.

“Ọmọ mi,” Dókítà ní, “ìwé rẹ dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí o fẹ́ kọ́ yìí, ẹlòmíràn nínú wọn ti di ìyá àgbà. Ṣé wọ́n á gbọ́rọ̀ sí ọ lẹ́nu?”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò,” Mọrádékẹ́ wí lórí ìkúnlẹ̀. “Bí wọn ò bá gbọ́, èmi náà á gba ilé lọ.”

Dókítà ní kò burú, wọn yóò dán àwọn méjèèjì wò níwájú àwọn tíṣà gan-an, láàárọ̀ Ọjọ́rú. Bàbá ni yóò kọ́kọ́ kọ́ni torí òun ni àgbà. Bó bá ṣe é dáadáa, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, kí Mọrádékẹ́ lọ máa palẹ̀ ẹrù mọ́.

Bàbá ránṣẹ́ sí àwọn tíṣà pé kí oníkálukú mú kèrègbè kan wá. Ibo ni tíṣà ti máa rí kèrègbè? Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́mu ìlú ni wọ́n ti lọ yá a. Àwọn ẹlẹ́mu kìlọ̀ fún wọn pé kí kèrègbè padà délé kí oòrùn tó wọ̀, kó má sì sán o, torí inú rẹ̀ ni ẹmu ìrọ̀lẹ́ ń lọ.

Ọjọ́rú pé. Bàbá Ògúngbilé wọlé pẹ̀lú kóòtù àti táì. Àwọn tíṣà dìde, wọ́n kí i ní ohùn kan bí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, “Ẹ káàárọ̀ o, sà!” Mọrádékẹ́ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ń dúró de ìgbà tirẹ̀.

“Ẹ jókòó,” Bàbá wí. “Lónìí, a ó kọ́ bí ọmọ ṣe lè fi ọwọ́ mọ ìṣirò. Ekùrọ́ ni mo kó sínú kèrègbè yìí. Ọmọ á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á kó ekùrọ́ jáde, á sì kà á. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe é kí ọmọ rí i. Ohun tí olùkọ́ bá sì ṣe ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Ṣó yé yín?”

“Ó yé wa, sà!”

Ló bá ti ọwọ́ bọ ẹnu kèrègbè. Ìka wọlé. Àtẹ́lẹwọ́ wọ ìdajì. Nígbà tó kan ìdí àtàǹpàkò, ọwọ́ dúró. Bàbá tì í, kò lọ. Bàbá fà á, kò bọ̀. Ẹ má wá sọ fún mi pé ó ṣáà wọ̀ ọ́ o. Ọwọ́ tí kò dé ìdí ekùrọ́, tí kò sì lè padà sílé, ṣé ẹ ń pe ìyẹn ní wíwọ̀?

Ká ní ènìyàn lásán ni, á kígbe. Ṣùgbọ́n tíṣà ni Bàbá, kò sì ṣàṣìṣe níwájú kíláàsì rí. Ó wú ikọ́. Ó fajú ro. Ó ní, “Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.”

Àwọn tíṣà wojú ara wọn. Wọ́n rí i kedere pé ọwọ́ Bàbá há. Ta ló máa sọ ọ́? Àwọn kan lára wọn ṣì rántí pàṣán rẹ̀. Ta ló tilẹ̀ máa wo àgbà lójú, kó ní, “Bàbá, ọwọ́ yín ti há”? Ẹ̀kọ́ ilé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyáàfin Adédìgbà, ọ̀gá ilé-ìwé kan tó sanra, tó sì fẹ́ràn máàkì bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn dùndú, ló kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ tirẹ̀. Ó há. Ó bá rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àwọn tó kù rí ẹ̀rín náà, wọ́n ti tiwọn bọ̀ ọ́. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ti há.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” Bàbá wí, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀. “Ẹ fi síbẹ̀. A ó máa bá ẹ̀kọ́ lọ báyìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Wọ́n fi ọwọ́ òsì kọ ọ́. Fóònù ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò ọ̀tún. Ó wo àpò, ó wo kèrègbè. Ẹni tó jókòó tì í fẹ́ bá a yọ ọ́, ó gbàgbé, ó fi kèrègbè gbá a létí. Bàbá àgbàlagbà kan fẹ́ nu imú, ló bá fi kèrègbè lu ara rẹ̀ lójú.

Àsìkò yìí gan-an ni gíwá yunifásítì, ìyẹn ọ̀gá pátápátá, wọlé láti wá kí àwọn tíṣà káàbọ̀. Gbogbo wọn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kó! Kò! Kó! Gíwá ta gìrì.

“Ọláṣebìkan, kí lèyí?”

Ẹ̀rù ba Dókítà. “Ọ̀nà ìkọ́ni tuntun ni, sà.”

“Ẹn-ẹ́n! Mo ti kà nípa ẹ̀,” ni gíwá wí. Kò sóhun tó kà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí kí gíwá ní òun ò mọ nǹkan? “Ẹ mú tèmi wá.”

Ìyáàfin kan tó mú méjì wá gbé ọ̀kan fún un. Gíwá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó há. Dókítà Ọláṣebìkan wo ọ̀gá rẹ̀, ó rí i pé ọ̀gá ní kèrègbè, òun kò ní. Ìyẹn kò ṣeé wò níbi iṣẹ́ ọba. Ó mú kèrègbè ẹnìkan tó ti lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, òun náà há.

Nígbà tó yá, gíwá ní ìpàdé tó fẹ́ lọ. Ó rọra sún mọ́ Bàbá, ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

“Bàbá, ìgbà wo la máa yọ ọ́?”

Bàbá wo òkè àjà. “Ìyẹn... ìyẹn, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.”

Yéè! Gbọ̀ngàn dàrú. Ìyáàfin Adédìgbà bú sẹ́kún. Ọkùnrin kan fi kèrègbè tirẹ̀ gbá ògiri gbàà! Ara kèrègbè fọ́ dànù, ọrùn rẹ̀ sì kù sí ọkùnrin náà lọ́wọ́ bí ẹ̀gbà. Kò bọ́ nínú wàhálà, ó tún ti di oníjà ẹlẹ́mu. Nígbà tí àwọn yòókù rí i, kò sẹ́ni tó tún gbá nǹkan kan mọ́ ògiri.

Mọrádékẹ́ ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Bí Bàbá bá kùnà, iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Àmọ́ ó wo iwájú, ó rí Bàbá tó ń fi etí kóòtù bo kèrègbè. Àgbà tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ní kí ènìyàn gba òun. Àánú rẹ̀ ṣe Mọrádékẹ́ gan-an. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín wò ó. Epo ló máa yọ ọ́.”

“Epo wà ní yàrá ẹ̀yìn,” ni Dókítà kígbe. “Tíìnì kan wà lórí pẹpẹ!”

Mọrádékẹ́ sáré lọ. Ó nawọ́, ọwọ́ kò tó o. Ó fò, kò tó o. Ó fẹ́ fa bẹ́ǹṣì wá láti gùn, ó rí i pé yunifásítì ti fi sìmẹ́ǹtì mọ gbogbo bẹ́ǹṣì mọ́lẹ̀ nítorí olè. Ó fò títí ó fi ń mí hẹlẹ. Epo wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Ó bá padà wá, kò tijú.

“Bàbá, ọwọ́ mi ò tó pẹpẹ. Ẹ̀yin lẹ ga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e.”

Bàbá tẹ̀lé e. Ó kọ́kọ́ gbàgbé, ó na ọwọ́ ọ̀tún, kèrègbè gbá pẹpẹ, tíìnì fẹ́ẹ̀ já lé wọn lórí. Ó wá na ọwọ́ òsì, ó gbé e wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Kò lè fi ọwọ́ kan ṣí i, Mọrádékẹ́ ló ṣí i. Ó da epo sí ẹnu kèrègbè, ó ti ìka rẹ̀ tín-ín-rín wọ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ Bàbá, ó ń fi epo ra á yíká.

“Ẹ rọ ọwọ́, Bàbá. Ẹ má fà á. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀.”

Pọ́ọ̀! Ọwọ́ jáde. Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́.

Wọ́n padà sí gbọ̀ngàn. Mọrádékẹ́ gbé kèrègbè Bàbá sókè, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìsí wàhálà, ó kó ekùrọ́ jáde. “Ẹ̀yin òbí mi, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀kọ́ Bàbá. Ẹ bá mi kà á.” Ó ń gbé wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń ké tẹ̀lé e, “Ení! Èjì! Ẹ̀ta!” Gíwá gan-an ń kà á. Wọ́n gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu dáadáa. Àbí ta ló máa ṣe agídí sí ẹni tó di epo mú?

Lẹ́yìn ìyẹn, òun àti Bàbá gba àárín bẹ́ǹṣì lọ. Bàbá á di kèrègbè mú gírígírí, Mọrádékẹ́ á fi ìka rẹ̀ ra epo wọlé. Bí wọ́n ṣe ń yọ wọ́n nìyẹn, tí kèrègbè kan kò tún sán, títí ó fi ku Dókítà Ọláṣebìkan nìkan.

“Dókítà,” Bàbá wí, “ẹ gba ọmọ yìí síṣẹ́. Èmi á máa lọ sílé mi.” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Mọrádékẹ́ yára fèsì. “Ẹ má gbà mí láìgba Bàbá o, sà. Bí epo bá tún wà lókè ńkọ́?”

Dókítà ní àyè ẹnìkan péré ló wà. Gíwá, tó ń ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kọjú sí i. “Àwọn méjèèjì ni kó o gbà, kí wọ́n jọ máa kọ́ni. Ṣé ojú ẹ kọ́ ló ṣe ni? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè!”

“Mo gbà, sà,” Dókítà wí. “Ẹ ní kí wọ́n yọ tèmi.”

Àwọn tíṣà, bí ìṣe wọn, kọ ọ̀rọ̀ gíwá sílẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, wọ́n gbé e lọ sí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ, àwọn ọmọ sì gbé e délé bá yín. Mọ́tò ọjọ́ Mọ́ńdè lọ láìgbé Mọrádékẹ́. Kí ìsinmi tó parí, àwọn tíṣà ti ń pe òun àti Bàbá ní olùkọ́ wa, láìya ẹnìkan sọ́tọ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn pé òwe yìí ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ mú kèrègbè, kó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bó bá há, kó ké pe ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ bá dé, tí kò lè gbé epo lókè, kí òun alára dìde gbé e. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá jókòó sílẹ̀, tí epo kùn wọ́n dé ìgúnpá, ta ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè?