Ẹsẹ̀ Tí Bàbá Mi Fi Ń Tiro

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé, bí mo tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ ní àgbàlá ilé wa ní Èrúwà, àtẹ wà lórí itan mi. Èmi ni wọ́n máa ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún, nítorí kò sí òkúta tí ojú mi kì í rí. Mo sì máa ń fi yangàn nígbà náà.

Ọdún eégún ni, èyí tó tẹ̀lé ikú bàbá mi. Bàbá kì í pa Jímọ́ jẹ, ṣùgbọ́n ilé eégún ni wọ́n bí wọn sí. Ní agbo ilé wa, bí àgbà bá kú, á padà wá lọ́jọ́ ọdún nínú aṣọ eégún. Á rìn bó ṣe ń rìn, á súre fún ọmọ, á dágbére fún aya, ó di gbéré. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Màmá mi ti jókòó sórí ẹní láti òwúrọ̀, wọ́n fi ìborùn borí. Àbẹ̀kẹ́ ni bàbá máa ń pè wọ́n. Láti ìgbà tí bàbá ti lọ, kò sí ẹni tó tún pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Màmá Ràímì ni gbogbo ilé mọ̀. Àbẹ̀kẹ́ yẹn ni wọ́n wá gbọ́ lẹ́nu eégún.

Eégún jáde. Ó kọ́kọ́ súre fún Bùọ̀dá Ràímì, àkọ́bí wa, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ tí wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Ó wá kọjú sí mi, ó ń tiro bọ̀. Mo wo ẹsẹ̀. Ọ̀tún ni. Orí ọ̀kadà ni bàbá mi ti ṣubú lọ́nà Lánlátẹ̀, òsì ló sì kán. Ẹ bá mi wò ó: ará ọ̀run ń bọ̀ wá dágbére fún mi, ẹsẹ̀ ni mò ń yẹ̀ wò. Mo rò pé inú mi ni mo ti sọ ọ́, àfi bí àwọn obìnrin tó ń pe oríkì ṣe dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo agbo ilé sì gbọ́ ohùn mi: "Ẹsẹ̀ òsì ni."

Eégún dúró. Ì bá dúró bẹ́ẹ̀ ni ì bá sàn. Ó pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ó fi òsì tiro ní ìṣísẹ̀ méjì, ó gbàgbé, ó padà sí ọ̀tún, ó wá ń fi méjèèjì tiro bí adìyẹ tí ilẹ̀ gbóná mọ́ lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Ẹ forí jì mí, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ aṣọ. Ojú ti eégún, ó yára, ó tẹ etí aṣọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wó lé àtẹ mi. Ẹ̀wà fọ́n ká.

Èèwọ̀ ni kí eégún ṣubú. Àwọn atọ́kùn da aṣọ bò ó, wọ́n gbé e wọlé. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ tí ì bá fi dé orí ẹní màmá mi.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó tún jáde. Baálé wa ní ará ọ̀run kì í jáde lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ tó kán láyé náà ni wọ́n fi ń tiro lọ́run?"

Mo fi àkùkọ àti obì túúbá. Ìyàwó Bùọ̀dá Ràímì sọ mí ní Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀-òsì, orúkọ náà sì ti dé Ìdèrè kí n tó padà dé ilé ọkọ mi níbẹ̀. Bí mo bá rántí ìrìn adìyẹ yẹn, ẹ̀rín máa ń pa mí, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lẹ́nu mi. Mo ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe gbogbo òkúta tí ojú bá rí ni ọwọ́ ń ṣà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti màmá mi jọ ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ni lóòótọ́. Wọn ò gbójú sókè.

"Mo mọ̀. Ṣé èmi kọ́ ni mò ń fi òrí ra ẹsẹ̀ náà ni? Orúkọ mi ni mo jókòó dè."