Ọjọ́ Tí Mo Di Ìyá Orí-Àpáta

Ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi ni mo ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé ní Ọ̀kà, ìyẹn á bá mi dé sàréè. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi rò ó fún yín, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Ọ̀kà, nítorí tiwọn ní iyọ̀ àti ata nínú.

Ẹnu ló kó bá mi. Télọ̀ ni mí ní Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn ọmọ àdúgbò mi, wọ́n á ní apàlọ́ ni mí. Àlọ́ kan wà tí mo fi ń mú Tèmi, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́fà, sùn. Àlọ́ Ìyá Orí-Àpáta ni, arúgbó eléyín kan ṣoṣo tó ń gbé orí òkè, tó ní ìkòkò dúdú ńlá tó fi ń se ọmọ tí kò bá tètè sùn. Kí n tó pa á tán, Tèmi á ti di ojú rẹ̀ pinpin. Ohun tí n kò rò rárá ni pé orí àpáta ni ilé ìyá ọkọ mi wà. Màmá Ọ̀kà là ń pè wọ́n. Eyín kan ló kù lẹ́nu wọn níwájú. Irú ni wọ́n ń ṣe tà, inú ìkòkò dúdú ńlá ni wọ́n sì ti ń sè é lẹ́nu ọ̀nà.

Họlidé dé, a mú Tèmi lọ kí wọn. Ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ìkòkò, ó wo Màmá, ó wo eyín. Igbe tó ké, mo rò pé àkekèé ló ta á. "Ìyá Orí-Àpáta nìyí! Màmá mi ti sọ fún mi! Wọ́n fẹ́ sè mí!"

Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Màmá ò bú mi, ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ìyàwó mi, èmi lo sọ di apani lójú ọmọ ọmọ mi?" Ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú de ọmọ láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Ìkàrẹ́. Omi wà lójú wọn. Odidi oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, Tèmi kọ̀ jálẹ̀, kò tẹ ẹnu ọ̀nà náà. Ó dùn mí wọnú egungun, nítorí mo mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi já okùn yẹn.

Àbúrò mi obìnrin, tí kì í gbójú kúrò lórí sinimá inú fóònù, ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní, "Àǹtí, ta ló tún ń pa irú àlọ́ yẹn? Nínú sinimá àti ìwé ìsinsìnyí, wọ́n ti tún gbogbo ìkà inú àlọ́ pa. Àjẹ́ tó ń dẹ́rù ba ọmọdé látijọ́, wọ́n á ní àwọn èèyàn ló ṣẹ̀ ẹ́ ní kékeré, pé kò sẹ́ni tó gbọ́ tẹnu rẹ̀ rí. Ẹ lọ tún tiyín náà pa." Mo kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Bí gbogbo ìkà bá ti ní àlàyé, ta ló wá jẹ̀bi? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ránṣọ ni mo ń rò ó. Arúgbó tó dá gbé orí òkè, tó ní ìkòkò ńlá, ta ló rí i tó ń se ọmọ? Bó bá jẹ́ oúnjẹ ló ń sè fún àwọn ọmọ tó ṣìnà ńkọ́?

Nígbà tí ìkórè àwọn ọmọdé kù díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Màmá, mo bẹ àwọn tíṣà Sọ́ńdè sukúù pé kí wọ́n fún mi láyè eré. Èmi fúnra mi ni màá ṣe Ìyá Orí-Àpáta. Tèmi á wò ó, Màmá á wò ó, gbogbo ìjọ á rí i pé èèyàn rere ni, ìjà á parí. Kí eré náà lè dùn, mo yá ìró àdìrẹ Màmá àti ọ̀pá wọn. Mo ní mo yá a o, ọkọ mi ló bá mi yọ́ mú un lórí okùn aṣọ, Màmá ò mọ̀ sí i. Mo rò pé tí wọ́n bá rí aṣọ wọn lára ẹni rere, inú wọn á dùn. Ẹ wo ọgbọ́n!

Mo tún ìtàn náà pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orin rẹ̀ nìkan ni n kò fọwọ́ kàn, nítorí òun ló dùn jù. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti kọ́ gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ègbè rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Mo kun èédú sójú, mo ru ìkòkò ìyá onílé mi, mo fi ọ̀pá tilẹ̀, mo yọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn pàtẹ́wọ́. Màmá náà ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí ojú wọn bọ́ sórí ìró. Obìnrin tó jókòó tì wọ́n ní, "Háà! Ṣé ìró yín kọ́ nìyẹn? Àbí ẹ̀yin ni wọ́n ń sín jẹ ni?" Màmá dìde, wọ́n gbé Bíbélì wọn, wọ́n kọrí sílé.

Ó yẹ kí n sáré tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lé orin ti bẹ̀rẹ̀:

Ìyá orí àpáta ń bọ̀ o,
Ẹ lé e!
Ó gbé ìkòkò rù, ó ń bọ̀ o,
Ẹ lé e!
Ẹ má jẹ́ kó débí o,
Ẹ lé e, ẹ lé e, ẹ lé e lọ!

Ẹni tó bá mọ àlọ́ á mọ̀ pé orin ló ni í. Mo ń pariwo pé, "Ẹ̀yin ọmọ, oúnjẹ ni mo gbé wá fún yín o!" Ta ló gbọ́? Orin ti ní kí wọ́n lé mi. Ọmọ kan dìde, gbogbo wọn dìde. Mo sún sẹ́yìn, wọ́n sún síwájú. Ọsàn ìkórè kan ba ìkòkò lórí mi, gbà! Nígbà tí èkejì bà mí létí, mo gbá ìkòkò onílé mọ́yà, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Mo dá ọlọ́kadà kan dúró lójú títì. Ó wo ojú èédú, ó wo ìkòkò, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ó sì fi mí sílẹ̀ sínú eruku. Bàtà mi kan já. Àwọn àgbà tó yẹ kó gbà mí ń di ikùn mú rẹ́rìn-ín, bàbá kan tilẹ̀ ń bá wọn gbe orin. Ibì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní Ọ̀kà ni mo forí lé, ilé Màmá lórí àpáta.

Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà, nídìí ìkòkò irú. Mo wólẹ̀ síwájú wọn. "Màmá, ẹ gbà mí!" Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìró wọn tó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fi èdè Ọ̀kà sọ ohun kan tí èmi ọmọ Ìkàrẹ́ ò ní túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa orógùn yọ nínú irú, wọ́n dúró gbọn-in níwájú mi. "Ẹni tó bá tún lé ìyàwó mi, inú ìkòkò yìí ló ń lọ!"

Gbogbo ọmọ fà sẹ́yìn. Mo ní, yéè, ó parí! Ọ̀rọ̀ ọmọ sísè tí mo torí àtipa rẹ́ kun èédú sójú ni Màmá fẹnu ara wọn sọ yìí. Ni Tèmi bá la àárín àwọn ọmọ kọjá, ẹkún lójú, ó kọjá lára ìkòkò, ó tẹ ẹnu ọ̀nà tó ti kọ̀ láti tẹ̀, ó sá sẹ́yìn Màmá, ó di aṣọ wọn mú. "Màmá Ọ̀kà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú màmá mi!"

Orógùn bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n gbé ọmọ náà mọ́ra. Èmi náà ń sunkún nílẹ̀, èédú ń ṣàn lójú mi.

Nígbà tó yá, wọ́n bi àwọn ọmọ pé, "Ta ló kọ́ yín ní orin burúkú yẹn?" Gbogbo wọn nàka sí mi. Màmá mirí. "Ìyàwó mi, arúgbó tó ru ìkòkò bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ṣé lílé ni wọ́n ń lé e ní Ìkàrẹ́? Ẹrù orí rẹ̀ ni wọ́n ń bá a sọ̀." Wọ́n wá lé orin náà fúnra wọn, "Ìyá orí àpáta ń bọ̀ o," wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ láti máa gbè é pé, "Ẹ bá a sọ̀ ọ́!" Kí n tó mọ̀, àwọn tó lé mi ti gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, wọ́n ń gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹyin.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: ẹni tó bá fẹ́ tún ìkà inú àlọ́ ṣe, kó kọ́kọ́ tún orin rẹ̀ ṣe, nítorí orin lọmọdé ń gbé relé. Kó sì tọrọ ìró kó tó ró o.

Gbogbo họlidé ni Tèmi ń lò lọ́dọ̀ Màmá báyìí. Èyí tó lò kẹ́yìn, ó dé pẹ̀lú àlọ́ Ìyá Orí-Àpáta bí Màmá ṣe ń pa á. Arúgbó náà ti di ẹni rere pátápátá. Mo ní, "Ìkà wo ló wá kù nínú rẹ̀?"

Ó ní, "Ìyàwó kan ni, Ìkàrẹ́ ló ń gbé. Ó jí ìró ìyá ọkọ ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ tẹnu ìyàwó yẹn náà ni? Tèmi ní òun ti bi Màmá Ọ̀kà, wọ́n ní ìyẹn ò ní àlàyé kankan.