Tọ́bò Gathogo

Àbúrò bàbá mi, Gathogo, gbà pé torí òun nìkan ni wọ́n ṣe la títì sí Nyeri. Ìjì-kò-bẹ̀rù-òkè ló ń pe ara rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ sì dàgbà ju ìyàwó rẹ̀ lọ.

Òun ni agbẹnusọ wa, nígbà tí a fẹ́ lọ tọrọ Wangechi fún ẹ̀gbọ́n mi, Muriithi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣáájú wọ ilé àna ló ń sọ̀rọ̀ fún ẹbí ọkọ. Bí kò bá dé kí oòrùn tó kan àtàrí, wọn á ti géètì, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Gathogo ta màlúù tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu wàrà rẹ̀, ó fi ra tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì kí ọkọ̀ lè sáré.

Nderitu mẹkáníìkì wo ẹ́ńjìnì náà, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, tọ́bò kì í dá wá. A ó tún inú ẹ́ńjìnì yìí ṣe, a ó yí páìpù ọ́ìlì. Ìyẹn á wọ́n ju tọ́bò gan-an lọ. Epo tí yóò máa mu ńkọ́?"

"Ṣé ẹni tó ra fìlà ni yóò tún lọ ra orí? Ṣáà gbé e sí i."

Nderitu gbé e sí i.

Lọ́jọ́ ìtọrọ, a ní kó bá wa wọ ọkọ̀ akẹ́rù tí a kó ewúrẹ́ sí.

"Èmi àti ewúrẹ́? Ẹ máa lọ. Màá yà yín sílẹ̀ lórí òkè. Ẹni tó bá ṣáájú ló ń sọ̀rọ̀."

A dé ẹnu géètì, a kò rí i. Oòrùn ń gòkè. Muriithi ń nu òógùn. Ẹnìkan ti di géètì mú.

Ìgbà náà ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń fa kẹ̀kẹ́ oníwàrà yọ. Gathogo jókòó sáàárín àwọn agolo wàrà, ọ́ìlì ti sọ kóòtù funfun rẹ̀ di dúdú. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò dúró kí ẹnikẹ́ni. Ó wọlé tààrà.

Bàbá ìyàwó, Mzee Kabugi, wò wọ́n. "Ọkọ̀ yín ńkọ́?"

"Ó ń sinmi lórí òkè."

"A gbọ́ ọ. Ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Gathogo wúkọ́, ó na ọwọ́ kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mzee Kabugi gbé ọ̀pá sókè.

"Ẹ ní sùúrù, àna wa. Ẹni tó bá ṣáájú ló ń sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. "À ń gbọ́ yín o, bàbá."

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ké, ó gùn, ó sì dún dáadáa.

"Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n," ni Mzee Kabugi wí. "A ti fún yín ní Wangechi."