Áńgẹ́lì Tó Dúró Lẹ́yìn Ìyá Tolú

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Olómitútù lánàá, ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán, irú rẹ̀ kò sì wọ ibẹ̀ rí. Olómitútù kò tóbi. Àárín Ajah àti Eleko ló wà, àwọn ẹ̀sítéètì sì ti há a mọ́ débi pé ẹni tó bá sín nínú ààfin, aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri ni yóò kí i. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni Baálẹ̀ sábà máa ń dá. Ṣùgbọ́n Dúrójayé káfíńtà ló pe ẹjọ́ tàná, ohun tó sì ń bèèrè ni pé kí wọ́n dá òun padà sínú fótò.

Dúrójayé ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ilẹ̀kùn ló ń kàn fún àwọn olówó Lekki, aṣáájú sì ni nínú ìjọ aláṣọ funfun tó wà nítòsí ilé rẹ̀ ní Ajah. Ó ti tó oṣù kan tí oorun rẹ̀ kò já geere mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú sùtánà rẹ̀, ó dìde, ó na fóònù sí Baálẹ̀.

“Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ wo fótò yìí. Ta lẹ rí?”

“Ìyàwó rẹ ni. Ojú rẹ̀ mọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ire.”

“Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.”

Baálẹ̀ gbé fóònù jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra.

“Nǹkan funfun kan wà níbẹ̀. Ó gùn, ó ń tàn yòò. Ìkùukùu ni, àbí?”

“Èmi ni.”

Ọ̀tún Baálẹ̀ yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

“Ṣàlàyé ara rẹ,” ni Baálẹ̀ wí.

“Ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo gbé ìyàwó mi la ń ṣe. Èmi, òun àti àwọn ará ìjọ kan lọ sí etí òkun Eleko. Mo bẹ Shamsudeen onífótò yìí pé kó wá ya tọkọtaya. Nígbà tí fótò dé, ó ya ìyàwó mi, ó sọ èmi di èéfín. Alàgbà Samson gbé e sórí Wasáàpù ìjọ, wọ́n ní áńgẹ́lì ló dúró ti Ìyá Tolú. Láti ọjọ́ náà, Baálẹ̀, mi ò ní ilé mọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀, àwọn èèyàn á ti jókòó sórí àga tí mo fọwọ́ ara mi kàn, wọ́n á gbé omi wá kí ìyàwó mi gbàdúrà sí i. Wọ́n ti fà á lọ sí ìjókòó iwájú nínú ìjọ. Èmi aṣáájú, ẹ̀yìn òpó ni mò ń jókòó.”

“O ò sọ fún wọn pé ìwọ ni?”

“Mo sọ. Wọ́n ní ìlara ló ń ṣe mí. Wọ́n ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ìlara mi.”

Baálẹ̀ yíjú sí Shamsudeen. Oniru ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti ń ya fótò. Ó gbá àpò kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ àyà bí ìyá ìkókó.

“O gbọ́ ohun tó sọ. Ṣé o jẹ̀bi?”

“Mi ò jẹ̀bi, Baálẹ̀. Lẹ́ńsì ni kẹ́ ẹ bi.”

Ó mú un jáde. Ó kúrú, ó ki, ó dà bí agolo mílíìkì, ojú rẹ̀ sì ń dán.

“Ojú èèyàn ni wọ́n ṣe lẹ́ńsì yìí fún. Ojú òun náà gbòòrò. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ nìkan ló máa ń rí kedere. Bí ohun tó wà lẹ́yìn bá ṣe jìnnà sí ẹni yẹn tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rọ̀ tó. Iná á di òṣùpá róbótó róbótó, ewé á rọ̀ bí òwú. Àwọn èèyàn ń wá láti Ibeju-Lekki nítorí rírọ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe Bàbá Tolú pé kí wọ́n súnmọ́ iwájú. Wọ́n ń gba fóònù. Mo bá tẹ̀ ẹ́.”

Ọ̀tún dá a lóhùn. “Nígbà tí wọ́n sọ èèyàn di áńgẹ́lì, kí ló dé tí o ò là wọ́n lọ́yẹ?”

“Kò sẹ́ni tó bi mí, sà. Àti pé èèyàn mẹ́rìnlá ló ti pè mí láti ìgbà náà pé kí n wá ya àwọn pẹ̀lú áńgẹ́lì.”

“Kí lo wí fún wọn?”

“Mo ní kí kálukú mú áńgẹ́lì tiẹ̀ wá láti ilé, kó sì wọ funfun.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín káàkiri ààfin. Shamsudeen rí i pé ọ̀nà ti là, ó fi kún un.

“Ẹ má bínú, Baálẹ̀, oore ni mo ṣe Bàbá Tolú. Kí n tó ya fótò yẹn, ta ló pe wọ́n ní áńgẹ́lì rí?”

Dúrójayé wo ilẹ̀. Ó ká etí sùtánà rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Wọ́n pe Alàgbà Samson. Bàbá tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ni, ohùn rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ lórí Wasáàpù.

“Dúrójayé kò sí níbẹ̀,” ni Alàgbà wí. “Ojú mi yìí ni mo fi rí áńgẹ́lì náà. Ìgbésẹ̀ méjì péré ló fi jìnnà sí Ìyá Tolú. Ìyẹ́ kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀.”

“Ìyẹ́ kan ṣoṣo?”

“Ọ̀kan ni mo rí.”

“Ta ló wa mọ́tò tó gbé yín lọ sí Eleko?”

“Dúrójayé ni.”

“Ta ló gbé yín padà?”

“Dúrójayé náà ni.”

“Láàárín àlọ àti àbọ̀, níbo ló wà?”

Alàgbà ronú. “Baálẹ̀, nígbà tí áńgẹ́lì bá dé, ta ló ń wo dírẹ́bà?”

Ẹlẹ́rìí kejì ni Olúwatómisìn, obìnrin tó ń ta àgbọn ní etí òkun náà.

“Mo rí bàbá yìí dáadáa. Ìdí àgbọn mi ni wọ́n dúró sí. Ìgbésẹ̀ méjìlá ló wà láàárín wọn àti ìyàwó wọn. Mo mọ̀, torí ibẹ̀ ni mo máa ń rìn lọ da èèpo nù. Fóònù wà létí wọn, wọ́n gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè báyìí.”

Ó gbé tirẹ̀ sókè. Gbogbo ààfin rí ìyẹ́ náà.

“Kí ló ń sọ lórí fóònù?”

“Wọ́n ní àwọn kọ́ làwọn kan ilẹ̀kùn sódì, pé òjò ló jẹ́ kó wú.”

Alàgbà Samson nàró. “Áńgẹ́lì náà lè sọ pé…”

“Ẹ jókòó, Alàgbà.”

Baálẹ̀ ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Shamsudeen gbé àga sí àgbàlá fún Baálẹ̀, ó ní kí Ọ̀tún lọ dúró lábẹ́ igi fúrúùtù, ní ìgbésẹ̀ méjìlá sẹ́yìn. Ó ya fótò, ó gbé e wá. Irùngbọ̀n Baálẹ̀ hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tún ti dà bí ẹ̀bà tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ jù.

“Èmi kọ́ nìyí,” ni Ọ̀tún wí.

“Ìwọ ni.”

“Fìlà mi dà?”

Wọ́n ní kó súnmọ́ wọn títí dé ìgbésẹ̀ márùn-ún. Ó ní orí àti èjìká báyìí, ṣùgbọ́n kò ní imú. Ó di ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn Baálẹ̀ lẹ́yìn kí imú tó dé. Ni Shamsudeen bá dín ojú lẹ́ńsì náà kù, ó dá Ọ̀tún padà sídìí igi. Lọ́tẹ̀ yìí Ọ̀tún hàn gedegbe, táńkì omi hàn, aṣọ tí aládùúgbò sá náà hàn.

“O lè dín in kù, o ò sì dín in kù lọ́jọ́ náà?”

“Baálẹ̀, bí mo bá dín in kù, gbogbo ẹni tó wà létí òkun ló máa wọ inú fótò náà, títí kan ẹni tó ń pààrọ̀ ṣòkòtò.”

Baálẹ̀ tún wo fótò àkọ́kọ́, èyí tí ojú tirẹ̀ nìkan hàn. Ó wò ó pẹ́. Ó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù òun kí ẹjọ́ tó tẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Adéjọkẹ́, ìyàwó Dúrójayé. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Ó kúnlẹ̀, kò sì wo ọkọ rẹ̀.

“Ìyá Tolú, ta ló wà lẹ́yìn rẹ nínú fótò yẹn?”

“Ọkọ mi ni.”

Dúrójayé gbé orí sókè. Alàgbà Samson náà gbé tirẹ̀.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Ọjọ́ tí fótò dé ni, Baálẹ̀. Èmi ni mo rán sùtánà yẹn. Ó gùn lápá kan ju èkejì lọ, àṣìṣe mi ni. Bó ṣe wù kó rọ̀ tó, mo dá a mọ̀.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?”

“Wọ́n bi mí pé ta ló dúró tì mí. Mo ní ẹni tí Ọlọ́run fún mi ni. Wọn ò bi mí lórúkọ rẹ̀.”

Ọ̀tún rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.

“O wá jẹ́ kí ojú máa ti ọkọ rẹ fún odidi oṣù kan.”

Adéjọkẹ́ gbójú sókè sí Baálẹ̀.

“Baálẹ̀, fótò mẹ́tàdínlógún ló wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ìdajì ojú mi ló wà nínú wọn, èjìká Bàbá Tolú ló bo ìyókù. Níbi ìsọmọlórúkọ Tolúwani, ọwọ́ tí mo fi gbé ọmọ nìkan ló hàn. Èyí nìkan ni mo ti rí gbogbo ojú mi. Mo ní kí n wò ó díẹ̀ sí i kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi.”

Dúrójayé ló kan férémù mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún. Òun ló gbá ìṣó wọn, tó tún sún sẹ́yìn láti wò bóyá wọ́n gún régé. Kò rántí ìgbà kan tó wo ohun tó wà nínú wọn ju ojú tirẹ̀ lọ.

Baálẹ̀ bá Ọ̀tún sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó kọjú sí wọn.

“Ààfin yìí rí i pé Dúrójayé ló wà nínú fótò. A ti dá a padà síbẹ̀. Shamsudeen, láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tí lẹ́ńsì rẹ bá sọ di ìkùukùu, wàá kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ fótò, àti iṣẹ́ tó ń ṣe.”

“Bó bá jẹ́ èrò ọjà ńkọ́, Baálẹ̀?”

“Kí o bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Alàgbà Samson, fún ogójì ọjọ́, ẹ ò gbọdọ̀ fi ohunkóhun ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Bí ẹ bá ríran, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé oníkálukú lọ sọ ọ́.”

Alàgbà gbé ọwọ́ lérí. Ajah kì í ṣe ìlú kékeré.

“Dúrójayé, àwọn èèyàn fún ọ níṣẹ́ áńgẹ́lì, o ní o ò ṣe. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ sì ni iṣẹ́ áńgẹ́lì. Fún ọjọ́ Ìsinmi méjìlá, ìgbésẹ̀ méjìlá ni wàá máa tẹ̀ lé ìyàwó rẹ lẹ́yìn, nínú sùtánà, láìsí fóònù lọ́wọ́ rẹ. Òní la bẹ̀rẹ̀.”

“Baálẹ̀, ta ni yóò wa mọ́tò wa délé?”

“Mọ́tò á sùn síbí. Ẹ fẹsẹ̀ rìn.”

Wọ́n jáde. Adéjọkẹ́ bọ́ síwájú lójú ọ̀nà oníyanrìn náà, Dúrójayé dúró, ó ka méjìlá, ó tẹ̀ lé e. Bí Adéjọkẹ́ bá dúró, òun náà á dúró. Àwọn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ń wò wọ́n, wọn ò mọ ẹni tó ń lé ẹnì kejì.

Nígbà tí wọ́n dé ìyànà, Adéjọkẹ́ yíjú padà.

“Bàbá Tolú, ìgbésẹ̀ méjìlá ni Baálẹ̀ wí?”

“Méjìlá ni.”

“Ṣé wọ́n sọ bóyá ti èèyàn ni tàbí ti ẹyẹlé?”

Dúrójayé ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń wọn pákó. Ó ní, “Wọn ò sọ.”

Ó rìn súnmọ́ ọn, ó gba Bíbélì àti báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró níbi tí ẹyẹlé yóò ti gbé ìgbésẹ̀ méjìlá kó tó kan gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ló ṣì dúró sí. Wọ́n sì kọrí sí Ajah.