Ṣokoléètì Tí Mo Gbé Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ darúgbó tí n kò rántí orúkọ ara mi mọ́. Irọ́ ló bí i. Bọ́lá, ọmọ tí mo fẹ́ fi ṣaya, pè mí láti Ẹ̀pẹ́, ó sì gbé fóònù fún màmá rẹ̀ tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo, kí n kí wọn. Mo kí wọn tán, wọ́n bi mí pé, yàtọ̀ sí aṣọ rírán, kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹnu mi tí kì í dúró de ọpọlọ dáhùn pé, "Mo máa ń ṣe ṣokoléètì fúnra mi nílé, mà."

N kò ṣe ṣokoléètì rí láyé mi. Fídíò rẹ̀ ni mo sáà máa ń wò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgbògbò nígbà tí oníbàárà ò bá sí. Màmá ní, "Ó dáa. Tó o bá ń bọ̀ wá kí wa ní Sátidé, mú díẹ̀ dání." Bọ́lá gba fóònù padà, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ṣé o mọ̀ pé torí irọ́ ni màmá mi ṣe lé ẹni tó wá ṣáájú rẹ lọ? Ó yá mọ́tò wá, ó ní tòun ni." Ọjọ́rú la wà. Bí n kò bá sọ irọ́ yẹn di òótọ́ kó tó di Sátidé, mo pàdánù Bọ́lá nìyẹn.

Síbẹ̀, ká má parọ́ mọ́, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èèlò kéèkì ní Ìkòròdú, mo ra ṣokoléètì dúdú ńlá tí wọ́n máa ń yọ́, mo sì yan ẹ̀pà. Obìnrin inú fídíò ní kí n kó ṣokoléètì sínú abọ́, kí n gbé abọ́ náà lé orí ìkòkò omi tó ń hó. Mo ní, ahá, mọ́ínmọ́ín lèyí! Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní mọ́ínmọ́ín sísè? Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ní Ọ̀yọ́ ni mo ṣe é: mo fi ọ̀rá bò ó, mo fi ọmọrí dé e pa, mo ń kọrin. Nígbà tí mo ṣí i, oru ti di omi, omi ti kán sínú ṣokoléètì, gbogbo rẹ̀ ti dì, ó rí ṣákaṣàka bí iyanrìn. Mo rò ó títí orógùn fi dá.

Lọ́jọ́ kejì mo ra òmíràn, n kò dé e. Ó yọ́! Ó ń dán! Mo fò sókè nínú yàrá bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo dà á sínú ike tí wọ́n fi ń ṣe yìnyín, mo fọ́n ẹ̀pà sí i, mo ṣe ọ̀kan tó tóbi lọ́tọ̀ fún màmá. Ó ku kó dì ni wọ́n mú iná lọ, wọn ò sì dá a padà. Ìyá Ṣèyí, aládùúgbò mi tó ń ta pánla inú yìnyín, ló ṣàánú mi, torí jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀ kì í sinmi. Ó gbé ṣokoléètì mi sáàárín pánla rẹ̀ títí di Sátidé. Ó dì dáadáa. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n gbóòórùn kankan.

Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí mo fọwọ́ ara mi rán. Mo gbé ike lé itan nínú ọkọ̀, mo sì fi bébà dídán wé ti màmá, mo fi sí àpò àyà, kí n lè fọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Oòrùn mú wa láti Ìmọ̀ta lọ. Ká tó dé Ẹ̀pẹ́, èyí tó wà nínú ike ti di ọbẹ̀. Mo ní kò burú, ti màmá ṣì wà. Ọgbọ́n mi ò sọ fún mi pé àyà èèyàn náà máa ń gbóná.

Bí mo ṣe rí màmá lẹ́nu ọ̀nà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kanlẹ̀. Pẹ̀ẹ́! Mo mọ ohun tó ró.

"Dìde, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ n kí yín dáadáa, mà."

"O ti kí wa. Dìde."

"Ẹ kúulé, mà. Ẹ kú ọjà, mà."

Bọ́lá ló fà mí dìde. Ṣokoléètì ti ya àwòrán láti àyà mi dé ìdodo. Bọ́lá fọwọ́ bojú. Màmá ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n fi ìka kan bùbá mi, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n tún tọ́ ọ wò.

"Pánla," ni wọ́n wí. "Pánla inú yìnyín! Èmi tí mò ń ta ẹja odò láti kékeré, o gbé òórùn pánla wọlé mi! Láti ìgbà wo lo ti ń ṣe nǹkan yìí?"

Irọ́ mìíràn ti ṣetán lẹ́nu mi. Mo wo Bọ́lá, mo gbé irọ́ náà mì. "Láti Ọjọ́rú, mà."

Màmá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹni tó yá mọ́tò wá jókòó ti irọ́ rẹ̀ títí a fi já a. Ìwọ parọ́ tán, ojú tì ọ́, o wá lọ ń bá iná jà kó lè di òótọ́. Bọ́lá, bá a wá aṣọ tó máa wọ̀." Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín wá gbé wọn, wọ́n rín in títí wọ́n fi di ilẹ̀kùn mú.

Bọ́lá ti di ìyàwó mi. Mo ti kọ́gbọ́n: kí ẹnu tó fọ́nnu, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, màmá á kígbe níwájú àlejò pé, "Ẹ kọ́kọ́ yẹ àpò rẹ̀ wò o!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?